Òkè Ìdànrè, àti Àwọn Odi Orí Òkè ti Ilẹ̀ Íńdíà

Ẹni tí ó bá jáde kúrò ní Akúrẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ó sì kọjú sí ọ̀nà Ìdànrè, yóò rí ohun tí ojú kì í yára gbàgbé. Oko kòkó àti igbó ni yóò kọ́kọ́ máa rí ní ọ̀tún àti ní òsì. Ṣùgbọ́n kí ó tó rin nǹkan bí 20 kìlómítà, àwọn àpáta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí sókè, dúdú, ràbàtà-ràbàtà, bí ẹni pé agbo erin ni ó dùbúlẹ̀ sí àárín igbó, tí kò sì fẹ́ dìde mọ́. Ìrì a máa bo orí wọn títí oòrùn yóò fi mú. Nígbà tí ìrì bá ká kúrò, a ó rí i pé àtẹ̀gùn òkúta kan ń gun ara àpáta náà lọ sókè, ó sì lé ní 600 ìṣísẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ìlú àtijọ́ wà.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí a ń kó lọ síbẹ̀ láti Akúrẹ́ àti láti ìlú Oǹdó a máa bèèrè ìbéèrè kan náà nígbà tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn náà dé ìdajì, tí èémí wọn kò sì délẹ̀ mọ́. Wọ́n a ní, "Kí ni ó lé ènìyàn dé orí òkúta yìí tí ó fi kọ́ ilé síbẹ̀?" Ìbéèrè rere ni, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó lé àwọn bàbá rẹ̀ gun òkè kò lè mọ ohun tí ó mú wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni a fẹ́ wá nínú ìwé kékeré yìí. Àti kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáradára, a ó fi Ìdànrè wé àwọn odi orí òkè kan ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí erin ti ń gbé àlejò gun òkè títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí irú ayé tí àwọn bàbá wa gbé. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ àkókò ogun ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, àwọn tí ó kù kó ara wọn jọ, Ṣódẹkẹ́ sì ṣáájú wọn lọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Láti inú ìsádi náà ni Abẹ́òkúta ti gba orúkọ rẹ̀. Ìlú Oǹdó pàápàá mọ adùn àti ìkorò ọ̀rọ̀ yìí. Ìjà abẹ́lé tú u ká, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ilé wọn sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, àfi ní 1872, nígbà tí Gómìnà Glover ní Èkó rán oníṣẹ́ lọ láti bá wọn parí ìjà, kí wọ́n tó lè padà sí ibùgbé wọn. Ọdún 5 lẹ́yìn èyí, ní 1877, ni Àlùfáà Charles Phillips ti ìjọ C.M.S. dé Oǹdó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere. Ọdún 1877 yìí kan náà ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá títí di 1893.

Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, ìlú tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní láti mọ odi, kí ó sì gbẹ́ yàrà yí ara rẹ̀ ká. Ní alẹ́, àwọn oníbodè a ti ilẹ̀kùn, wọn a sì máa ṣọ́nà. Ìdànrè ní odi tí ọwọ́ ènìyàn kò mọ. Orí òkè náà ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ju ojú òkun lọ, àpáta sì yí i ká. Ọ̀tá tí ó bá ń bọ̀, àwọn ará òkè yóò ti rí i kí ó tó rí wọn. Bí ó bá sì fi agídí gùn ún, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ibi tí ìjà wà. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi gba òkè náà bí ilé, kì í sì í ṣe fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n gbà á, bí kò ṣe fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá, Olófin sì ni aṣáájú wọn. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú kan àwọn àpáta náà, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì kígbe pé, "Ìdán rè é!" Láti ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti wá. Ohun tí ojú ṣì lè rí lórí òkè náà lónìí kò kéré. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó tí a gbẹ́ ère sí lára. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀, àwókù ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibojì àwọn tí ó ti kọjá lọ. Ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agboogun, tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ ọmọdé àti ti àgbà mu bákan náà. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ohun ogun ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí. Ọba ń ṣe ìdájọ́ níbẹ̀, ọmọdé ń kọ́ A B D níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀, wọ́n sì ń sin òkú wọn síbẹ̀. Ìlú ni, kì í ṣe ibùdó ogun.

Nígbà tí ogun wá tán, ohun tí ó sọ orí òkè di ibi rere kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ kù síbẹ̀. Oko ń bẹ nísàlẹ̀, ilé ń bẹ lókè. Kòkó ti dé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tà á ní láti wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Ọkọ̀ kò sì lè gun àpáta. Báyìí ni ó ṣe di pé ní 1923 ìlú náà sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odòdè àti àwọn àdúgbò ìsàlẹ̀ tí ó yí i ká. A kò gbọdọ̀ rò pé ohun kékeré ni èyí. Ìlú tí ogun kò lè lé kúrò lórí òkè, àlàáfíà ni ó mú un sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìdànrè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a la òkun kọjá sí ìlà oòrùn. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ní apá tí a ń pè ní Rajasthan, àwọn ọba àtijọ́ a máa kọ́ odi sí orí òkè fún ìdí kan náà tí a ti sọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Chittor, odi ńlá kan lórí òkè gbọọrọ kan, tí ọba Akbar dó tì fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí ó tó gbà á ní 1568. Òmíràn ni Amber. Ní 1592 ni Man Singh, ọba ibẹ̀ tí ó tún jẹ́ ọ̀gágun Akbar, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin ńlá tí a ń wò níbẹ̀ lónìí. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì fi òkúta dídán ṣe ọ̀ṣọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1727, ọba kan tí ó jẹ nínú ìdílé náà, Jai Singh Kejì, rí i pé ènìyàn ti pọ̀ ju ohun tí òkè lè gbà lọ, omi kò sì tó wọn mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì tẹ ìlú tuntun dó tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ní Jaipur. Bẹ́ẹ̀ ni Amber sọ̀ kalẹ̀ ní 1727, tí Ìdànrè sì sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Ọdún 196 ni ó wà láàárín wọn. Wọn kò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀.

Nísinsin yìí ni ọ̀rọ̀ kan erin. Ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n ti ń tọ́ erin láti ìgbà láéláé, wọn a sì máa gùn ún lọ sí ogun bí àwọn Ọ̀yọ́ ti ń gun ẹṣin. Nígbà tí ogun bá dé ẹnu odi, erin ni wọ́n máa ń rán ṣáájú láti fi orí kan ilẹ̀kùn títí yóò fi ya. Nítorí èyí, àwọn tí ń kọ́ odi a kan ìṣó irin gígùn mímú sí ara ilẹ̀kùn, ní ibi tí iwájú orí erin lè dé. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ọ̀pọ̀ odi ibẹ̀ títí di òní. Ogun erin kò sì mọ sí ìlà oòrùn nìkan. Ní ọdún 218 kí a tó bí Olúwa wa, Hannibal, ọ̀gágun Carthage ní àríwá Áfíríkà, kó erin la àwọn òkè yìnyín Alps kọjá láti lọ bá àwọn ará Róòmù jà.

Lónìí ogun ti tán ní Amber, ẹranko tí wọ́n ń lò láti fọ́ ilẹ̀kùn sì ti di ẹranko tí ń gbé àlejò dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ní òwúrọ̀, àwọn erin a tò lẹ́sẹẹsẹ nísàlẹ̀ òkè, wọ́n ti fi ọ̀dà aláràbarà kun orí àti ọwọ́jà wọn. Àlejò méjì-méjì a jókòó sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì gòkè lọ sínú àgbàlá ààfin. Àwọn tí ń wá láti òkè òkun fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ìdílé àwọn tí ń da erin náà pẹ̀lú ń jẹun láti inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tí ń gbèjà ẹranko sọ pé ẹ̀yìn erin kò wà fún ẹrù ojoojúmọ́, pé òkúta gbígbóná ń ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, àti pé ìyà ni a fi ń kọ́ ọ kí ó tó gbà kí ènìyàn gùn ún. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ àlejò ti ń yàn láti fi ẹsẹ̀ ara wọn gòkè. Ìwé Mímọ́ kọ́ wa pé olódodo a máa ro ti ẹran ọ̀sìn rẹ̀. A kò sì rò pé erin yọ sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Bóyá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan yóò wí pé, "Bí erin bá ń gbé àlejò lọ sí Amber, èéṣe tí a kò fi mú díẹ̀ wá sí Ìdànrè, kí ó máa gbé wa kọjá àtẹ̀gùn wọ̀nyí?" A ó dá a lóhùn nípa bíbi í léèrè pé níbo ni erin tiwa wà. Akúrẹ́ kò lè sọ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀ láì dárúkọ erin. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọdẹ ni Aṣọdẹbóyèdé, ọmọ-ọmọ Odùduwà, àti pé erin ni ó ń lépa títí ó fi dé ibi tí ìlú wà lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ní okùn àkún rẹ̀ ti já, tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Akúrẹ́. Erin pọ̀ nínú igbó wa nígbà náà. A kò tọ́ ọ, a kò sì gùn ún. A bẹ̀rù rẹ̀, a kì í, a sì pa á. Eyín rẹ̀ di ọ̀ṣọ́ ààfin àti ọjà fún àwọn òyìnbó tí ń bẹ létí òkun.

Nígbà tí igbó wá ń di oko, tí ìbọn sì pọ̀, erin bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Erin inú igbó wa kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti Íńdíà, kò sì rí bákan náà pẹ̀lú erin pápá tí ó wà ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ó kéré jù wọ́n lọ, eyín rẹ̀ tọ́ sí ilẹ̀ gbọọrọ. Òun ni olùgbìn igbó, nítorí ó ń gbé èso ńláńlá mì, ó sì ń gbin hóró wọn sí ibi jíjìn nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ní 2021, àjọ IUCN tí ń ka iye ẹranko tí ó kù ní ayé kà á sí irú kan lọ́tọ̀, ó sì fi í sí ipò ti àwọn tí ó súnmọ́ ìparun jù lọ. Díẹ̀ ṣì kù nínú igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti nínú igbó Okomu ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó lè pa òwe pé, "Àjànàkú kọjá 'mo rí nǹkan fìrí', bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin." Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ń pa á, mélòó ni ó ti rí erin? Òwe náà ti pẹ́ ju ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń sọ lọ.

Ohun kan náà ni a ń bẹ̀rù fún Òkè Ìdànrè, ibí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa ti ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ ọdún 10 nígbà tí ìlú sọ̀ kalẹ̀ ní 1923, bí ó bá wà láàyè lónìí, yóò ti lé ní 110 ọdún. Èyí ni pé àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ọmọdé sáré kiri lórí àpáta náà, tí wọ́n mọ ilé ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹni, tí wọ́n mọ ibi tí ìyá wọn ti ń pọn omi, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ohun tí ó kù ni ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ wọn, àti ohun tí àwọn ọmọ náà rántí.

Ní ibi yìí ni Ìdànrè àti Amber ti yàtọ̀. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ Amber. Bí ènìyàn tilẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀, ògiri rẹ̀ dúró. Àwọn ọba ibẹ̀ ní akọ̀wé, wọ́n ní ayàwòrán, ìtàn wọn sì wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n amọ̀ ni a fi mọ ọ̀pọ̀ ilé Ìdànrè. Ilé amọ̀ tí kò ní òrùlé àti olùgbé kò lè bá òjò jà; ọdọọdún ni ó ń yọ́ padà sínú ilẹ̀. Bí ìtàn rẹ̀ bá tún kú, kí ni yóò kù? Òkúta tí Ẹlẹ́dàá dá síbẹ̀ kí a tó dé ni yóò kù, àlejò yóò sì máa gùn ún bí ẹni tí ń gun òkè lásán.

A dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò sú gbogbo ènìyàn. Àjọ UNESCO, tí ń tọ́jú àwọn ibi ìrántí gbogbo ayé, kọ orúkọ Amber àti Chittor pẹ̀lú odi 4 mìíràn ní Rajasthan sínú ìwé rẹ̀ ní 2013. Ní ilẹ̀ wa, Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa, níbi tí ààfin ọba wà lórí òkè pẹ̀lú, ni ó kọ́kọ́ wọ inú ìwé náà ní 1999. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tẹ̀lé e ní 2005. Ní 2007 ni Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sí àtòkọ àwọn ibi tí ó fẹ́ dá lábàá fún irú ọlá bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ìdànrè fúnra wọn kò sì ya òkè náà nù, nítorí àjọ̀dún àtọdúnmọ́dún wọn, bí Orósùn àti Iden, ṣì so wọ́n mọ́ ọn. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ìjọ kò ní láti bọ ohun tí wọ́n ń bọ kí a tó bọ̀wọ̀ fún ibi tí ó gba ẹ̀mí àwọn bàbá wa là.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, nígbà tí ẹ bá tún kó àwọn ọmọ lọ sí Ìdànrè, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ pé àkàrà àti ọtí dídùn nìkan ni wọn yóò rántí. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù mú ìwé kékeré dání. Kí wọ́n kọ orúkọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà Odòdè léèrè ohun tí ìyá wọn sọ fún wọn nípa òkè. Ẹ̀yin ọmọ Akúrẹ́ àti ti Oǹdó, ẹ má rò pé ti Ìdànrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bi àwọn bàbá bàbá yín léèrè ibi tí odi àti yàrà ìlú yín gbà kọjá, àti ibi tí wọ́n ń sá sí nígbà ogun, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́.

Ní ti erin, a kò tọrọ rẹ̀ fún àtẹ̀gùn Ìdànrè. Kí ó wà nínú igbó rẹ̀, kí a má pa á mọ́, ìyẹn tó. Ní ti òkè náà, ẹsẹ̀ ara ẹni ni ó yẹ kí a fi gùn ún. Àwọn ìyá wa gùn ún pẹ̀lú ọmọ ní ẹ̀yìn àti ẹrù ní orí, nígbà tí ogun ń lé wọn bọ̀. Ọmọ tí ó bá gun ìṣísẹ̀ tí ó lé ní 600 náà, tí èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, tí ó sì jókòó sínú àgbàlá Ọwá láti sinmi, yóò mọ̀ lára rẹ̀ ohun tí ìsádi jẹ́. Ẹ̀yìn erin kò lè kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ó bá sì padà dé ilé, kí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó sì sọ pé òun ti gun Òkè Ìdànrè. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà yóò fi dá a lóhùn ni ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ sílẹ̀ rí.